Ọjà Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta ni Ó Ń Tà fún Wa Bí Ó Ti Yẹ?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ọjà kò sì kéré nínú ẹ̀sìn wa. Nígbà tí ọmọ ogún ọdún bá ń fi owó tí ó ju owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré kan lọ ra eré orí kọ̀ǹpútà, ó tọ́ kí ẹni tí ó ń dúró níwájú rẹ̀ láti kírun bi í léèrè ohun tí ó rà, ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí yóò kù sí i lọ́wọ́ bí ẹni náà bá palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́. Àwọn kan yóò ní eré lásán ni, kí Lèmọ́mù fi í sílẹ̀. Bí eré náà ti dára tó tàbí bí ó ti burú tó, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Owó ni à ń sọ lónìí.

Gbogbo wa ni a mọ bí ìyá aláta ti ń nájà. Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì, iye tí ìyá náà yóò kọ́kọ́ pè fún un máa ń yàtọ̀ sí èyí tí yóò pè fún ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá. Ojú ni ó fi ń wọn oníbàárà. Àwọn tí ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń wọn ènìyàn, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí a ń gbé àti káàdì báńkì tí a fi sanwó ni wọ́n ń wò. Géèmù kan náà, tí kò fi orí yàtọ̀ tí kò fi ìrù yàtọ̀, lè jẹ́ iye kan ní Amẹ́ríkà, kí ó dín sí i ní Íńdíà, kí ó sì dín sí i ní Íjíbítì. Ẹni tí ó ṣe géèmù ni ó ń fi iye lé e. Ilé ìtajà a máa gbà á nímọ̀ràn nípa iye tí ó bá agbára ìlú kọ̀ọ̀kan mu. Èmi kò rí àrékérekè kankan nínú èyí. Ẹ̀dà géèmù kan sí i kì í ná ẹni tí ó ṣe é ní nǹkan púpọ̀, nítorí náà ó sàn fún un kí ó tà á ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ju kí ó má tà á rárá lọ.

Níbo wá ni wọ́n fi Nàìjíríà sí? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ni. Steam, tí ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2003, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tí ń ta géèmù orí kọ̀ǹpútà. Ó ń fi rand ta ọjà fún ará Gúúsù Áfíríkà, ó ń fi rupee tà fún ará Íńdíà, ó ń fi rupiah tà fún ará Indonésíà. Náírà kò sí nínú owó tí ó fi ń tajà. Ní oṣù kọkànlá 2023, Valve yọ owó Tọ́kì àti owó Ajẹntínà kúrò, ó ní owó méjèèjì ń yí padà ju bí àwọn olùṣe géèmù ti lè bá a mu lọ. Ṣùgbọ́n kò fi àwọn ìlú wọ̀nyí sílẹ̀ sínú òjò. Ó dá àgbègbè méjì sílẹ̀ tí wọn yóò máa fi dọ́là rajà, síbẹ̀ tí olùṣe géèmù lè fi iye tí ó fúyẹ́ ju ti Amẹ́ríkà lọ lé ọjà rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan wà fún Ajẹntínà àti àwọn ìlú kan ní àyíká rẹ̀. Ìkejì kó Tọ́kì, Íjíbítì, Mòrókò, Àlùjíríà, Sùdáànì àti àwọn mìíràn pọ̀. Pakísítánì àti Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì ní àgbègbè tiwọn pẹ̀lú. Nàìjíríà kò sí nínú ọ̀kankan. Iye tí ará New York ń san ni ọmọ Ìwó ń san.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà sọ́wọ́ ọjà ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ní báńkì kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ. Géèmù tí wọ́n ń ta ní 60 dọ́là, 27,600 náírà ni nígbà náà. Nígbà tí ó di 2024, dọ́là ti kọjá 1,500 náírà. Bí a bá fi 1,500 ṣírò, géèmù kan ṣoṣo yẹn di 90,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi ọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 sì jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tí ó bá fi gbogbo owó oṣù rẹ̀ lélẹ̀, tí kò jẹun tí kò wọkọ̀, kò tíì lè ra géèmù kan.

Ohun tí ó ń ti àwọn ọ̀dọ́ kan sínú irọ́ nìyí. Wọn a lo VPN, èyí tí ń mú kí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Òṣogbo máa sọ pé Tọ́kì ni òun wà. Wọn a wá káàdì owó ìlú náà rà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, wọn a sì ra géèmù ní iye tí wọ́n ṣe fún ará Tọ́kì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì bi mí ní ìbéèrè lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní, “Àfáà, ṣebí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ wa jẹ?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn dáradára.

Ìdáhùn mi ni pé iye tí ó ga, bí a bá pè é ní gbangba, kò tíì di ìrẹ́jẹ. O lè kọ̀ ọ́, kí o máa bá tìrẹ lọ. Ìnira ni, mo gbà. Ìwà àìnáání ni, mo tún gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ ibi tí a kọ ọ́ sí pé òun gbà, ó ti bá olùtajà ṣe àdéhùn, inú àdéhùn Steam sì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé oníbàárà kò gbọdọ̀ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bo ibi tí ó ń gbé mọ́lẹ̀ láti fi rajà ní iye ìlú mìíràn. Àṣẹ mímú àdéhùn ṣẹ ni Sūratul-Mā’idah fi bẹ̀rẹ̀, kò sì yọ àdéhùn orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹ wo ẹni tí irọ́ náà ń pa lára. Ará Tọ́kì tí owó ìlú rẹ̀ ti bàjẹ́ ni wọ́n ṣe ẹ̀dínwó náà fún. Bí àlejò tí kò ní ẹ̀tọ́ sí i bá pọ̀ nídìí rẹ̀, ìdí wo ni olùṣe géèmù yóò tún fi máa bá a lọ?

Ewu rẹ̀ kò pin sí ti ìwà nìkan. Steam kì í jẹ́ kí ènìyàn pààrọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù mẹ́ta, ó sì ń béèrè ọ̀nà ìsanwó tí ó jẹ́ ti ìlú náà gan-an. Bí wọ́n bá ti àkáǹtì pa nítorí irọ́, gbogbo géèmù tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò bá a lọ, títí kan àwọn tí o fi òtítọ́ rà láti ọdún pípẹ́.

Ẹ má sì rò pé àwọn olùtajà nìkan ni òfin ń gbè. Ní oṣù kìíní 2021, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu ìtanràn lé Valve àti àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù márùn-ún, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.8 mílíọ̀nù owó euro, nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ géèmù tí ènìyàn rà ní ìlú kan nínú Ìṣọ̀kan náà kí ó má baà ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn nínú rẹ̀. Valve gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní 2023. Àwọn ará Yúróòpù kò purọ́ ibi tí wọ́n ń gbé. Wọ́n lọ sídìí òfin.

Èyí tí ó ṣe mí ní kàyéfì jù ni ti PlayStation. Ẹ̀rọ náà kún inú ilé wa, ó kún àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ ti ń san owó ta bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ilé ìtajà PlayStation ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì níhìn-ín ní láti sọ pé Amẹ́ríkà, tàbí Ìlú Ọba, tàbí Gúúsù Áfíríkà ni òun ń gbé. Irọ́ ni ẹnu-ọ̀nà àbáwọlé. Ní oṣù karùn-ún 2024, nígbà tí Sony fẹ́ fi dandan lé e pé kí àwọn tí ó ra géèmù Helldivers 2 lórí Steam forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ PlayStation, wọ́n yọ géèmù náà kúrò ní títà ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 170, nítorí pé PlayStation kò sí níbẹ̀. Ariwo àwọn oníbàárà pọ̀ débi pé Sony yí ọ̀rọ̀ náà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìbéèrè mi fún ẹni tí ó ní àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ni èyí: bí wọ́n bá gba owó rẹ láìtọ́, tí o sì kọ̀wé sí wọn, àdírẹ́sì wo ni o fẹ́ fún wọn? Bí ó bá jẹ́ pé dandan ni kí o ní ẹ̀rọ yìí, ra díìsì. Díìsì ṣeé yẹ̀ wò ní Computer Village ní Ìkejà, o lè ná an, o lè yá ọ̀rẹ́ rẹ, o sì lè tún un tà.

Ọ̀rọ̀ díìsì yìí ni ó mú wa dé ohun tí mo kà sí kókó jù lọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà rò. Kí ni ènìyàn ń rà gan-an? Òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní oṣù kẹsàn-án 2024, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, kà á léèwọ̀ fún olùtajà láti máa lo ọ̀rọ̀ “rà” fún irú ọjà báyìí láìjẹ́ pé ó sọ fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò lásán ni ó ń gbà. Steam bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ síbi ìsanwó rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024. Ẹni tí ó ń san 90,000 náírà ń gba àyè láti lò ó ni, gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Àwọn tí ó ra géèmù The Crew lọ́wọ́ Ubisoft mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024, ilé-iṣẹ́ náà pa ẹ̀rọ tí ó gbé géèmù náà dúró, owó tí wọ́n san kò sì lè ṣí i mọ́. Nintendo ti títà sórí ẹ̀rọ 3DS àti Wii U rẹ̀ ní oṣù kẹta 2023, Microsoft sì ti ìsọ̀ Xbox 360 ní oṣù keje 2024.

Nítorí èyí ni mo ṣe fi GOG ṣíwájú. Ilé-iṣẹ́ CD Projekt ní Pólándì ni ó dá a sílẹ̀ ní 2008 láti máa ta àwọn géèmù àtijọ́, ó sì ti ń ta tuntun pẹ̀lú. Ohun tí ó fi yàtọ̀ ni pé kì í fi àgádágodo kankan sí ọjà rẹ̀. Ó ń fún oníbàárà ní fáìlì tí ó lè gbà sílẹ̀, kí ó dà á sínú fláàṣì, kí ó sì fi í sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, ó wà lọ́wọ́ rẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ géèmù ńlá tí ó lókìkí kì í dé ibẹ̀, tàbí kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ní ti iye owó pẹ̀lú, kò sàn tó bí ó ti sàn tẹ́lẹ̀: nígbà kan, bí géèmù kan bá wọ́n ní ìlú rẹ ju ti Amẹ́ríkà lọ, GOG a máa dá ìyàtọ̀ náà padà sínú àpò oníbàárà, ó fòpin sí i ní òpin oṣù kẹta 2019.

Ti gbígba géèmù sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní dáńlóòdù, ẹni tí ń ra dátà nìkan ni ó mọ̀ ọ́n lára. Àwọn géèmù òde òní kan ju 100GB lọ. Ní oṣù kìíní 2025 ni àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láàyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó wo iye géèmù, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Ó wà lójú ewé tí wọ́n ti ń tà á. Ìgbà mìíràn wà tí owó dátà yóò ju owó géèmù tí wọ́n dín kù lọ.

Ní ẹ̀ka yìí, Steam ni ó mọ iṣẹ́ jù. Bí iná bá lọ láàárín, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí. Ó ń jẹ́ kí á yan àkókò òru fún àtúnṣe àwọn géèmù, kí á sì dín eré rẹ̀ kù kí ó má baà gbé gbogbo dátà ilé mì. Láti 2023, bí kọ̀ǹpútà méjì bá wà lórí wáyà kan náà nínú ilé, ìkejì lè gba géèmù lára èkínní láìná dátà. Àwọn tí ń gbé họ́stẹ́ẹ̀lì, ẹ gbọ́ èyí dáradára. Fáìlì GOG náà dára fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yá, nítorí pé ó lè lọ gbà á níbòmíràn, kí ó sì gbé e wálé.

Bí ọjà bá bàjẹ́ ńkọ́? Steam a máa dá owó padà bí kò bá tíì ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ tí a rà á, tí a kò sì tíì ta á ju wákàtí méjì lọ. Ẹ ṣọ́ wákàtí méjì yẹn o. Bí géèmù bá wà ní ṣíṣí, aago ń kà, ìbáà jẹ́ pé o lọ kírun. Epic Games Store, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2018, ní irú òfin kan náà. (Epic yìí lo ọdún mẹ́ta kí ó tó ní apẹ̀rẹ̀ tí ènìyàn lè kó ọjà méjì sí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń fi géèmù tọrẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí kò sì ní kí á purọ́ ìlú kankan.) GOG fúnni ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti oṣù kejì 2020, kódà bí a bá ti ṣí géèmù náà. PlayStation ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà á sílẹ̀, ó parí, àyàfi bí géèmù náà bá ní àbùkù. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ̀ pé ọjà kò dára láìtíì tọ́ ọ wò?

Ìdápadà owó yìí kò sí ní Steam tẹ́lẹ̀. Ní 2014, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Ọsirélíà pe Valve lẹ́jọ́ nítorí pé ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹjọ́ náà ń lọ lọ́wọ́ ni Valve gbé ètò tuntun jáde ní oṣù kẹfà 2015. Ní 2016 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó sì bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là Ọsirélíà lé e.

Àwa náà ní irú àjọ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ó dá FCCPC sílẹ̀ jẹ́ ti 2018, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé kò lágbára sí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè: ní oṣù keje 2024 ó bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta tí ó ni Facebook, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025. Èmi kò sọ pé Valve rú òfin wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ní ilẹ̀kùn tí a lè kàn.

Ìbéèrè náà sì rọrùn. Olùṣe géèmù tí ó tilẹ̀ fẹ́ dín owó kù fún ọmọ Nàìjíríà kò lè ṣe é lórí Steam báyìí, nítorí pé inú iye dọ́là ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kó wa sí. Bí ó bá dín tiwa, ó dín ti Amẹ́ríkà. Valve nìkan ni ó lè ṣí àgbègbè fún wa, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún Íjíbítì àti Pakísítánì. Ó sì bá àkókò mu, nítorí pé ọ̀nà ìsanwó ti ń là díẹ̀díẹ̀: ọ̀pọ̀ báńkì tí ó dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí ogún dọ́là lóṣù ní 2022, tàbí tí ó tì í pa, ni ó ti ń ṣí i padà láti 2025.

Nítorí náà, dípò kí ogójì ọ̀dọ́ nínú ẹ̀ka kan máa wá VPN, kí ogójì náà kọ lẹ́tà sí Valve, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPC. Kí ẹ yan géèmù mẹ́ta. Kí ẹ kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ní Íjíbítì, ní Íńdíà àti ní Nàìjíríà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ kọ 70,000 náírà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù òṣìṣẹ́, kí ẹ sì fi orúkọ yín gan-an àti ìlú tí ẹ ń gbé ní tòótọ́ sí i. Akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè gba àwọn lẹ́tà náà jọ lẹ́yìn ìpàdé, kí ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ pọ̀.